Ìtàn Lílẹ Irin Mọ́ Irin: Láti Ọwọ́ Àwọn Adàdẹ Ifẹ̀ dé Orí Rédíétọ̀ Àlùmíníọ̀mù

Ohun tí àwọn ìwé sọ nípa iṣẹ́ lílẹ irin mọ́ irin kò bára mu. Àwọn awalẹ̀pìtàn kọ tiwọn, àwọn onímọ̀ irin kọ tiwọn, ẹni tó sì ń tún rédíétọ̀ ṣe ní Mayfair, Ilé-Ifẹ̀, kò rí ibì kan tí wọ́n ti to ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ jọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi kó o jọ síbí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ìwé sábà máa ń dà pọ̀. Bí ẹnu irin méjèèjì bá yọ́ tí wọ́n sì wọnú ara wọn, iṣẹ́ wẹ́dà nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ rọ́ọ̀dù àárín wọn nìkan ló yọ́, tí iná rẹ̀ sì ju 450°C lọ, brazing ni. Bí iná kò bá tó bẹ́ẹ̀, sódà ni.

Àwọn adàdẹ ayé àtijọ́

Ní Igbo-Ukwu, ní ilẹ̀ Ìgbò, níbi tí awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti walẹ̀ ní 1959, a rí iṣẹ́ idẹ tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án. Àwọn tó ṣe é máa ń da apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọn a sì fi irin yíyọ́ so wọ́n pọ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́yìn ààfin, ní 1938, fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ hàn: níbi tí ihò bá kù sára iṣẹ́, irin yíyọ́ ni wọ́n fi dí i. Ìbòjú Ọbalùfọ̀n, tó jẹ́ iṣẹ́ Ifẹ̀ bákan náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà gaara. Bàbà kì í yọ́ títí iná yóò fi dé 1085°C, ó sì máa ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra bó bá ti yọ́, nítorí náà ó ṣòro dà ju idẹ lọ.

Àwọn kan pe iṣẹ́ ìdíhò yìí ní sódà. Èmi kò gbà. Sódà ń lo irin tó tètè yọ́, bí òjé. Irin tó jọ ti ara ère gan-an ni àwọn tiwa dà, ó gbóná débi tí ó fi ń yọ́ etí ihò náà, nítorí náà iṣẹ́ wẹ́dà ló sún mọ́ jù.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, nígbà tí mọ́tò dé, sódà òjé ni wọ́n fi ń lẹ rédíétọ̀ bàbà àti idẹ.

Àlùmíníọ̀mù dé

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ørsted ló kọ́kọ́ yọ àlùmíníọ̀mù jáde, ní Denmark, ní 1825, ṣùgbọ́n owó gọbọi ni wọ́n ń tà á títí di 1886. Lọ́dún yẹn, Paul Héroult ní Faransé àti Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà rí ọ̀nà kan náà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́, láìmọ ara wọn. Héroult ló kọ́kọ́ forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ní oṣù kẹrin. Hall sì mú ẹ̀rí wá pé òun ti ṣe é yọrí ní oṣù kejì. Ẹ̀tọ́ ni kí a máa dárúkọ àwọn méjèèjì pọ̀.

Wàhálà àlùmíníọ̀mù pọ̀ fún ẹni tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́. Awọ kan máa ń bo ojú rẹ̀; bí a bá ha á, awọ tuntun á bò ó lójú ẹsẹ̀. Irin fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní 660°C, ṣùgbọ́n awọ yẹn kì í yọ́ títí iná yóò fi kọjá 2000°C. Rọ́ọ̀dù tó bá yọ́ lórí rẹ̀ á ká jọ bí omi orí ewé kókò. Àlùmíníọ̀mù kì í sì í pọ́n kó tó yọ́ bí irin dúdú. Funfun ni yóò wà títí yóò fi dédé wó lulẹ̀.

Sílíkọ̀n ló kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà. Bí a bá fi nǹkan bí 12% rẹ̀ sínú àlùmíníọ̀mù, àdàlù náà, tí a fi ń ṣe rọ́ọ̀dù, á yọ́ ní 577°C. Páànù àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 3003, tó wọ́pọ̀ nínú rédíétọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ní nǹkan bí 643°C. Ààyè tí oníṣẹ́ ní kò pé 70°C.

Awọ ọ̀hún ló kù. Iyọ̀ oníkílóráìdì ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Ó ń jẹ awọ náà, ṣùgbọ́n bí a kò bá fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kúrò dáadáa, á fa ọ̀rinrin mọ́ra, á sì jẹ irin fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni brazing inú ìléru tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde dé: magnísíọ̀mù inú rọ́ọ̀dù á di ooru, á sì fọ́ awọ náà. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ Alcan ti Kánádà mú páúdà kan jáde tí wọ́n fi pọtásíọ̀mù, àlùmíníọ̀mù àti fílúórínì ṣe. Nǹkan bí 565°C ló ń yọ́, kì í jẹ irin, kò sì nílò fífọ̀.

Nínú ọ̀nà méjì ìkẹyìn yìí, èwo ló sọ rédíétọ̀ àlùmíníọ̀mù di ti gbogbo ayé? Àwọn kan ní ìléru aláìláfẹ́fẹ́ ni. Òótọ́ ni pé òun ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ wọ́n, ìdọ̀tí díẹ̀ sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Páúdà Alcan, nínú ìléru tó kún fún náítírójìn, dín owó kù, ó sì rọrùn láti fi ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òun ni mo fún ní ipò àkọ́kọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí magnísíọ̀mù inú àlùmíníọ̀mù bá kọjá nǹkan bí 0.5%, agbára páúdà náà á dínkù.

Lóde òní

Rédíétọ̀ mọ́tò tòkúnbọ̀ ti di àlùmíníọ̀mù, orí rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà. Sódà òjé kì í mú un. Ọ̀pọ̀ ń fi gọ́ọ̀mù dí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì di lílẹ̀. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ ṣe é bó ti yẹ á yọ rọ́bà kúrò, á fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò tíì kan irin dúdú ha ojú ibẹ̀, á fi páúdà sí i, á sì máa fi iná yí gbogbo àyíká ká. Bí páúdà bá mọ́ gaara bí omi, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Páúdà ń sọ ohun tí àwọ̀ irin kò lè sọ. Kó gbé iná sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó fi rọ́ọ̀dù kan irin. Irin ló yẹ kó yọ́ rọ́ọ̀dù, kì í ṣe iná.

Rọ́ọ̀dù onísíǹkì tí kò nílò iná tó bẹ́ẹ̀ ti dé ọjà báyìí, brazing ni wọ́n sì fi ń ṣe àwo ìtutù bátìrì ọkọ̀ oníná mànàmáná. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá máa kọ́ ọmọ iṣẹ́ ní ìdíwọ̀n iná wọ̀nyí lédè Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn bí a ṣe ń di iná mú.