Angina Pectoris: Ọ̀rọ̀ tí ó Ti Ọ̀fun Bọ́ sí Àyà

Bí a bá gbọ́ tí àwọn oníṣègùn pe àrùn kan ní angina pectoris, a lè rò pé wọ́n dárúkọ ọkàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn ni méjèèjì. Pectus ni àyà. Angina sì tan mọ́ angere, èyí tí ó túmọ̀ sí kí a fún ènìyàn lọ́rùn. Láyé àwọn ará Róòmù, àrùn tí ń dí ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n ń pè ní angina.

Ta ni ó wá gbé e ti ọ̀fun wá sí àyà? William Heberden ni, oníṣègùn kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1768, ó ka àpilẹ̀kọ kan níwájú Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn Oníṣègùn. Ní 1772 ni a tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ṣàpèjúwe àwọn tí ìrora ń mú láyà bí wọ́n bá ń rìn, pàápàá bí wọ́n bá ń gun òkè tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán. Wọn a rò pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́. Bí wọ́n bá sì ti dúró, ìrora náà a lọ. Ó dà bí ẹni pé a ń fún wọn lọ́rùn, ìdí nìyí tí ó fi sọ ọ́ ní angina.

Ẹ kíyè sí i: ohun tí aláìsàn ní lára ni Heberden fi sọ àrùn náà lórúkọ, kì í ṣe ohun tí ó fà á. Kò mọ ohun tí ó fà á. Ní 1772, ọkùnrin kan tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ hàn kọ̀wé sí i pé òun ní àrùn náà, àti pé bí òun bá kú lójijì, kí wọ́n la òkú òun wò. Kò pẹ́ tí ó kú. John Hunter ni ó la òkú náà, kò sì rí ohun tí ó fa ikú.

Àrùn yìí kan náà ni ó wá mú Hunter fúnra rẹ̀. Edward Jenner, ọmọ-ẹ̀kọ́ rẹ̀, fura pé àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn ni ó ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kéde rẹ̀ kí ìrètí ọ̀gá rẹ̀ má baà pin. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá 1793, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ ní ìpàdé kan ní ilé ìwòsàn St George's. Inú bí Hunter, ó ṣubú, ó kú. Nígbà tí wọ́n la òkú rẹ̀, wọ́n bá àwọn iṣan náà tí wọ́n ti le bí egungun. Ní 1799, Caleb Parry tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn yìí.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Láti ara angere kan náà ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àníyàn ti wá. Àwa náà ń wí pé àyà ẹni já nígbà tí ẹ̀rù bà á. Nítorí náà, bí àgbàlagbà bá wí pé, “Ohun kan ń fún mi láyà bí mo bá ń gòkè,” ó rọrùn láti dá a lóhùn pé ẹ̀rù ni, tàbí pé oúnjẹ ni kò dà. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹni tí yóò bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí “ìfúnláyà” kò ṣì í túmọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó fi kún un pé iṣan ọkàn ni ọ̀ràn wà, àti pé ilé ìwòsàn ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa lọ láìjáfara.