Fọ́nrán Inú Amọ̀: Láti Ìkòkò Finland Dé Àjà Ilé Ṣómólú

Amọ̀ tí a sun, gíláàsì àti sìmẹ́ńtì tó ti gan ní àbùkù kan náà. Wọ́n le, wọ́n fara da iná, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sán níbì kan, kíá ni sísán náà ń la wọ́n já. Ní 1920, A. A. Griffith ní Ìlú Ọba fi hàn pé àwọn sísán tíntìntín tí ojú ò rí ló ń gba agbára lọ́wọ́ gíláàsì.

Àwọn èèyàn ti rí oògùn rẹ̀ tipẹ́ kí wọ́n tó mọ ohun tó fà á. Àwọn ọ̀mọ̀lé Hausa ń po koríko mọ́ amọ̀ ògiri. Ní Finland, ó lé ní 5,000 ọdún sẹ́yìn tí àwọn amọ̀kòkò ti ń po asbẹ́stọ́ọ̀sì, òkúta tó ní fọ́nrán bí irun, mọ́ amọ̀ ìkòkò.

Asbẹ́stọ́ọ̀sì kan náà ló sọ iṣẹ́ yìí di ọjà káàkiri ayé. Ní nǹkan bí 1900, Ludwig Hatschek ará Austria rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì àti omi, kí wọ́n sì tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele lórí ẹ̀rọ bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe bébà. Ní 1959, wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerite sílẹ̀ ní Ìkẹjà, asbẹ́stọ́ọ̀sì sì wọ òrùlé àti àjà ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó, títí kan àwọn ilé àtijọ́ Ṣómólú àti Bàrígà.

Àwọn onímọ̀ ò dúró lórí sìmẹ́ńtì. Ní 1972, Sambell, Bowen àti Phillips ní Harwell, ní Ìlú Ọba, ròyìn ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n ki fọ́nrán kábọ́ọ̀nù sínú gíláàsì àti seramíìkì, ìyẹn ohun líle bí amọ̀ tí a sun. Fọ́nrán gígùn tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ló fún gíláàsì lágbára. Èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nìyí: fọ́nrán ò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ seramíìkì jù. Bó bá lẹ̀ típẹ́típẹ́, sísán á gé e kọjá. Bó bá lè fà yọ díẹ̀, á di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú bí okùn ìránṣọ, agbára tí ìbá fi fọ́ á sì parẹ́ sínú fífà yọ yẹn. Iná ló kù: afẹ́fẹ́ gbígbóná ń jẹ kábọ́ọ̀nù. Seishi Yajima ará Japan ló wá nǹkan ṣe sí i ní 1975, nígbà tó ṣe fọ́nrán silicon carbide tó ń fara da iná. Láti 2016 ni ẹ̀rọ bàálù LEAP ti ń gbé seramíìkì tó ní irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ nínú fò.

Ọmọ wa náà wà nínú iṣẹ́ yìí. Ní 2009, Winston Soboyejo, tó ń kọ́ni ní Princeton nígbà náà, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi fọ́nrán sísà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi eucalyptus dè. Ìṣòro irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé sìmẹ́ńtì ń jẹ fọ́nrán ewéko bó ti ń pẹ́. Mo rò pé iṣẹ́ yìí yẹ Yunifásítì Èkó ní Akọkà, ẹ̀gbẹ́ Bàrígà, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò wọ́n wa.

Ó yẹ ká tètè ṣe é, torí asbẹ́stọ́ọ̀sì ń pani. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, ó sì lè tó ogún sí ogójì ọdún kó tó hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wó ilé àtijọ́ ní Ṣómólú àti Bàrígà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi òòlù fọ́ àjà asbẹ́stọ́ọ̀sì, ẹ má gé e, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, kó fi omi rin ín kó tó tú u lódidi. Aṣọ tí a so mọ́ imú ò lè dá eruku yẹn dúró. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi àfọ́kù rẹ̀ ṣeré.