Orin Kan Ṣoṣo Ni Ó Lóun Máa Kọ

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọdún 1976. Orí òkè lẹ́yìn ìlú Kingston, ní Jàmáíkà, ni wọ́n gbé Bob Marley, olórin reggae, pamọ́ sí, nílé kan tí wọ́n ń pè ní Strawberry Hill, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yí ká.

Aago 8:30 òwúrọ̀. Ó pé wákàtí 36 géérégé tí àwọn agbébọn ya wọ ilé rẹ̀ ní Hope Road, ojúlé 56, nígbà tí òun àtàwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ dá ìdánrawò dúró kí wọ́n lè sinmi díẹ̀. Ilé ìdáná ni ó wà. Ọta ha á láyà, ó sì wọlé sí apá òsì rẹ̀. Ọta ba Rita, ìyàwó rẹ̀, lórí nínú ọkọ̀. Ti Don Taylor, máníjà rẹ̀, ju ẹyọ kan lọ. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni.

Àwọn dókítà ní bí àwọn bá yọ ọta yẹn, ìka rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ òsì ń ṣe lórí okùn gìtá á mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ó fi ọta náà sílẹ̀ síbi tó wà.

Aago 12:30 ọ̀sán. Ká lọ ni, àbí ká má lọ? Ọ̀fẹ́ ni Smile Jamaica, eré orin tó yẹ kó ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Bob fẹ́ fi pa iná ìjà àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú ni. Àmọ́ ìjọba ti kéde ìdìbò fún ọjọ́ 15 oṣù náà, àwọn kan sì gbà pé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ló ń ṣiṣẹ́ fún. Àwọn agbébọn náà ṣì wà níta. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò lè bá a wí pé ó ṣiyèméjì.

Ìrọ̀lẹ́. Èrò ń ya sí National Heroes Park. Ẹgbẹ́ olórin Third World ló kọ́kọ́ ṣeré. Ìròyìn èrò náà dé orí òkè, Bob sì pinnu láti lọ.

Alẹ́. Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí 80,000. Aṣọ ìwọ̀sùn ni Rita wọ̀ wá, báńdéèjì sì wà lórí rẹ̀ lábẹ́ ìborí. Bob kò lè ta gìtá. Ó ní orin kan ṣoṣo lòun máa kọ. “War” ló fi bẹ̀rẹ̀, orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wá láti ẹnu Haile Selassie, ọba Etiópíà, ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́dún 1963.

Orin yẹn parí, kò sọ̀kalẹ̀. Ó tún dá òmíràn, ó tún dá òmíràn. Ọkùnrin tí kò dá a lójú lọ́sàn-án pé òun máa wá ni ó ń fò sókè yìí, tó ń ju irun orí rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Nǹkan bí 90 ìṣẹ́jú ló fi wà lórí ìtàgé. Orin kò yọ ọta lápá rẹ̀, ẹ̀rù ni ó yọ lára rẹ̀, kò sì sí dókítà tó lè bá a yọ ìyẹn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ṣí ẹ̀wù rẹ̀, ó fi ojú ọgbẹ́ han àwọn èèyàn, ó sì ń jó.

Lọ́jọ́ kejì, ó kúrò ní Jàmáíkà lọ sí Nassau, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tó ti ṣe àwo Exodus tó jáde lọ́dún 1977. Ọta yẹn wà lápá rẹ̀ títí tó fi kú ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ọdún 1981.