Ìtàn Páàsì Rélùwéè ní Ilẹ̀ Yúróòpù

Ní alẹ́ ọjọ́ kan báyìí, èmi àti ìyàwó mi tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù sórí tábìlì ìjẹun, a sì ń fi pẹ́ńsù fa ìlà láti ìlú kan dé èkejì. Àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń bẹ̀ wá láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí a wá kí òun, a sì ti pinnu pé bí a bá ti lè gbéra báyìí, a kì yóò padà sílé láìfojú kan ìlú mìíràn. A ti ra ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Eurail. Ẹni tí ó bá ní in lọ́wọ́ lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ 33. Ilẹ̀ 33 pẹ̀lú ìwé kan ṣoṣo! Inú wa dùn, a sì fa ìlà wa: láti Èkó sí Paris nínú ọkọ̀ òfuurufú, láti Paris sí Lọ́ńdọ̀nù nínú rélùwéè kí a lè rí àbúrò mi, láti Lọ́ńdọ̀nù padà sọdá sí Brussels, sí Köln, sí Basel, sí Milan, títí dé Rome.

Àbúrò mi ni ó da omi tútù sí wa lára. Mo ka ètò wa sí i létí lórí tẹlifóònù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú o, ṣé ẹ ti wo físà yín dáadáa?" Mo mú páásípọ́ọ̀tù, mo wò ó. Físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn fún àwọn ilẹ̀ Schengen, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó gbà wá láyè láti wọlé. Bí a bá ti Paris lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, a ti jáde nìyẹn. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ padà sí Brussels, ní téṣàn Lọ́ńdọ̀nù gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ibodè ti ń yẹ ìwé wò kí èrò tó wọ ọkọ̀, ibẹ̀ ni wọn ì bá sì ti dá wa padà. Páàsì tí a fi owó gidi rà yóò wà lápò wa, ọkọ̀ yóò dúró níwájú wa, yóò sì ṣí lọ láìgbé wa.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wá ìdí ìwé náà lọ. Ta ni ó kọ́kọ́ rò ó pé tíkẹ́ẹ̀tì kan lè gba ilẹ̀ púpọ̀ kọjá? Kí sì ni ìdí rẹ̀ tí ó fi ṣí àwọn ìlẹ̀kùn kan, tí kò sì ṣí àwọn mìíràn?

Ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Thomas Cook, ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dárúkọ. Oníwàásù ni, ó sì kórìíra ọtí. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1841, ó kó nǹkan bí 500 ènìyàn sínú ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough, níbi ìpàdé àwọn tí kì í mutí. Ṣílè kan ni olúkúlùkù san. Nígbà tí yóò fi di 1863, ó ti ń mú èrò lọ wo àwọn òkè Swítsálandì. Ọgbọ́n rẹ̀ tí ó wú mi lórí jù ni pé ó bá àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ mìíràn ṣe àdéhùn, ó sì di àwọn tíkẹ́ẹ̀tì wọn pọ̀ sínú ìwé kan, kí èrò má bàa máa dúró níwájú fèrèsé ní gbogbo téṣàn láti fi èdè tí kò gbọ́ béèrè iye owó. Ní 1873, ilé iṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin gbogbo Yúróòpù jáde. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ títí di 2013, àwọn ẹlòmíràn sì gbà á ṣe ní 2014.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àkókò yìí, nítorí kò rọrùn bí a ti rò. Nígbà tí rélùwéè kọ́kọ́ dé, ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní aago tirẹ̀. Oòrùn orí wọn ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ó ń gun ẹṣin kò mọ ìyàtọ̀ náà lára, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kò lè fi aago mẹ́wàá rìn. Ní 1840, ilé iṣẹ́ rélùwéè Great Western ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé aago Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo téṣàn òun yóò máa lò. Àwọn ará Faransé tilẹ̀ fi ẹ̀tàn kún tiwọn: aago ìta téṣàn ń sọ àkókò Paris, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú lọ́hùn-ún ń fi ìṣẹ́jú 5 rẹ̀yìn, kí ẹni tí ó bá pẹ́ lè bá ọkọ̀. Títí di 1911 ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́, mo mọ àwọn ọmọ tí ì bá fẹ́ irú aago bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi! Àwọn ará Họ́láńdì ní tiwọn rọ̀ mọ́ aago tí ó fi nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ṣáájú ti Greenwich, títí di 1940 tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ilẹ̀ wọn. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ kékeré kọ́ ni àwọn ọ̀gá rélùwéè dáwọ́ lé nígbà tí wọ́n pàdé ní Köln ní 1872 láti fi ẹnu kò lórí àkókò àwọn ọkọ̀ tí ń kọjá ibodè.

Ojú irin fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ 1,435 mìlímítà. Ṣùgbọ́n ní 1844, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilẹ̀ Spéìnì dá a lábàá pé kí tiwọn fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ̀rọ ńlá tí ó lágbára lè gun òkè wọn. Àwọn ènìyàn ń sọ ọ́ káàkiri pé ìbẹ̀rù ogun Faransé ni ó fà á. Ohun tí àwọn onímọ̀ náà kọ sílẹ̀ kọ́ nìyẹn. Bí ó ti wù kí ó rí, láti ìgbà náà, èrò tí ó bá dé Hendaye tàbí Irún ní ibodè ilẹ̀ méjèèjì níláti sọ̀kalẹ̀ tẹrù-tẹrù kí ó tó bọ́ sínú ọkọ̀ mìíràn. Ní 1969 ni ọkọ̀ Talgo bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárín Barcelona àti Geneva, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè sún mọ́ra tàbí kí ó ya síra bí ó bá ti dé ibodè, tí èrò kò sì ní dìde lórí ìjókòó.

Nílé níbí, ẹ wo tiwa. Ojú irin àtijọ́ tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, 1,067 mìlímítà ni. Èyí tí àwọn Faransé ṣe ní Dàhọ̀mì àti èyí tí àwọn Jámánì ṣe ní Tógò, 1,000 mìlímítà ni. Ẹ̀ka tiwa gba Ìlaròó kọjá, ó sì parí sí Ìdógò. Ti Dàhọ̀mì gba Pọ́tónófò lọ, ó sì parí sí Pobè. Ìlú Yorùbá ni méjèèjì, wọn kò sì jìnnà síra wọn, ṣùgbọ́n àwọn ojú irin náà kò fojú kanra rí. Bí wọ́n tilẹ̀ pàdé, nǹkan bí ìbú ìka mẹ́ta ni ì bá dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, 1,435 ni.

Ní 1922, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè dá ẹgbẹ́ àgbáyé kan sílẹ̀ sí Paris, kí ọ̀rọ̀ wọn lè dọ́gba. Ogun kejì tún dé, ó ba afárá àti téṣàn jẹ́. Síbẹ̀, ní 1959, ilẹ̀ 13 gbà láti máa bu ọlá fún ìwé kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n pè ní Eurailpass. Faransé àti Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn wà nínú wọn, àwọn méjì tí wọ́n bá ara wọn jagun ní nǹkan bí ọdún 14 ṣáájú. Wọn kì í ta ìwé náà fún ẹni tí ń gbé ní Yúróòpù; àwọn àlejò tí ń ti òkèèrè bọ̀, pàápàá àwọn ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi ń wá. Fọ́ọ̀sì kíláàsì nìkan sì ni ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ní 1972, ẹgbẹ́ rélùwéè àgbáyé náà pé 50 ọdún. Nítorí ayẹyẹ yìí, wọ́n ṣe ìwé mìíràn fún àwọn ọ̀dọ́ Yúróòpù tí kò ju ọmọ ọdún 21 lọ: oṣù kan gbáko nínú ọkọ̀ ojú irin ilẹ̀ 21. Interrail ni wọ́n pè é. Ọdún yẹn nìkan ni wọ́n pète rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kí ó parí. Ó dùn mí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà. Púpọ̀ nínú wọn ti ṣiṣẹ́ nílé kí wọ́n tó rí ọ̀nà lọ, ọjọ́ orí wọn sì ti kọjá 21. Ní 1979 ni wọ́n sún un dé 26, ó sì di 1998 kí wọ́n tó ṣí i fún àgbà.

Àdéhùn láàárín àwọn ilé iṣẹ́ rélùwéè ni ìwé yìí, ibi tí àdéhùn náà bá sì dé ni agbára rẹ̀ dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè jáde kúrò nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 2019, àwọn rélùwéè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ń yọ̀ǹda ipò àwọn nínú Interrail. Ariwo ta, ní ọjọ́ kejì ni wọ́n yí ohùn padà. Ọ̀rọ̀ ìjókòó pẹ̀lú wà níbẹ̀: páàsì gbà ọ́ sínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé ìjókòó wà fún ọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Jámánì àti Swítsálandì, ó lè wọlé kí o sì jókòó. Nínú ọkọ̀ ayára Faransé, Ítálì àti Spéìnì, àti nínú èyí tí ń gba abẹ́ òkun láti Lọ́ńdọ̀nù, o níláti san owó ìjókòó lọ́tọ̀, kí o sì tètè san án, nítorí iye ìjókòó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún oní-páàsì kò pọ̀.

Ibodè ní tirẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ rélùwéè rárá. Àwọn ìjọba ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé tiwọn ní abúlé Schengen ní Luxembourg ní 1985, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995. Swítsálandì darapọ̀ mọ́ ọn ní 2008. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wọ inú rẹ̀ rí. Ohun tí àwọn rélùwéè so pọ̀ lórí irin, ìjọba lè gé e lórí ìwé, ẹni tí ó bá sì mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ìyàwó mi mú rọ́bà, ó pa gbogbo ìlà àkọ́kọ́ rẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni a ó kọ́kọ́ lọ nísinsìnyí, pẹ̀lú físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a lo ọjọ́ wa lọ́dọ̀ àbúrò mi tán pátápátá. Lẹ́yìn náà, a ó wọ ilẹ̀ Schengen lẹ́ẹ̀kan, a kò sì ní jáde mọ́ títí a ó fi wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Rome. Paris bọ́ sílẹ̀. Ó dun ìyàwó mi, kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Páàsì tí a rà gbà wá láyè ọjọ́ 5 nínú oṣù kan, a sì pín in báyìí: Lọ́ńdọ̀nù sí Brussels, nǹkan bí wákàtí 2, Brussels sí Köln, níbi tí téṣàn àti kàtídírà ńlá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, Köln sí Basel, a ó sì yan ọkọ̀ tí ń lọ pẹ̀lẹ́ létí odò Rhine, kì í ṣe ayára, Basel sí Milan, gba inú ihò abẹ́ òkè Gotthard, kìlómítà 57, tí wọ́n ṣí ní 2016, Milan sí Rome. Mo ti san owó ìjókòó ti ọjọ́ kìíní, ti ìkẹrin àti ti ìkarùn-ún. Ó ku ilé tí a ó sùn sí ní Köln, nítorí ìyàwó mi ní òun kò ní fi ilẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀ láìlo ọjọ́ méjì, àbúrò mi sì ti ṣèlérí pé òun yóò sìn wá dé téṣàn St Pancras, òun yóò sì tún físà náà wò lójú ara òun kí a tó wọlé.