Afẹ́fẹ́ Ti Fẹ́: Bíréèkì Rírọ̀ Nínú Mọ́tò Oníná

Bí a bá gbọ́ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ, ẹlẹ́tàn tí àṣírí rẹ̀ tú la máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbé yẹ̀ wò. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló dá fùrọ̀ sí adìyẹ lára. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin, ìyẹ́ ló bò ó. Mọ́tò oníná ní irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀, orí bíréèkì rẹ̀ gan-an ló sì bò.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500, ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná ti ń wọ ẹnu àwọn awakọ̀. Kò tíì wọ́pọ̀ lójú títì Ìfàkì sí Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé, àmọ́ láti nǹkan bí 2021 ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Hyundai Kona oníná tí wọ́n tò pọ̀ ní Èkó. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì délẹ̀, ọ̀rọ̀ bátìrì ni gbogbo ènìyàn ń béèrè: ó lè rìn dé ibo, níbo la ó ti ṣáàjì rẹ̀? Ta ló ń béèrè bíréèkì?

Nínú ọkọ̀ elépo, bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, ọ́ìlì á gba inú páìpù lọ ti páàdì, páàdì á di dísìkì mú, eré tí ọkọ̀ ń sá á sì di ooru. Mọ́tò oníná ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú. Bí awakọ̀ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sáré, ẹ̀rọ tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ìyẹn nìkan á sì fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ní ìrìn àárín ìlú, ọ̀nà yìí ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọ́ìlì lè ti gbó, afẹ́fẹ́ lè ti wọ páìpù, kálípà tó ń fún páàdì lè ti dípẹtà, ẹni tó ń wa ọkọ̀ ò sì ní mọ̀.

Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ ni òwúrọ̀ tí bátìrì kún dẹ́múdẹ́mú. Kò sí ibi tí iná máa padà sí, nítorí náà ẹ̀rọ náà ò ní lè ranni lọ́wọ́. Tàbí kí ewúrẹ́ já lu títì lójijì. Gbogbo ìwúwo ọkọ̀ á wá bọ́ sórí ọ́ìlì, bẹ́ẹ̀ bátìrì ńlá Kona nìkan ju kílò 400 lọ. Ẹni tó bá ti sọ̀kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹsẹ̀ la fi ń yẹ bíréèkì wò kí sípánà tó dé. Kí ọkọ̀ dúró lójú kan, kí ó wà ní títàn, kí ẹ tẹ pẹ́dà. Bó bá rọ̀ wọlé, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra tó wá ń le sí i, afẹ́fẹ́ ti wọ páìpù. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ a máa fún, orí rẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ ń parí sí. Bó bá kọ́kọ́ dúró, tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀, tó ń rọra rì, rọ́bà inú máásítà, ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì, ló ti jẹ, tàbí kí ọ́ìlì máa jò níbì kan. Ẹ wo abẹ́ máásítà, ẹ wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pẹ́dà tó le gan-an tí ọkọ̀ ò sì fẹ́ dúró, àrùn mìíràn nìyẹn: ẹ̀rọ tó ń kún ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ló dákú, iná ló sì ń lò nínú irú ọkọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló ń bí mi nínú jù. Ọ́ìlì bíréèkì a máa mu omi láti inú atẹ́gùn, pàápàá nílẹ̀ olójò bíi tiwa. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230°C. Bí omi inú rẹ̀ bá fi dé nǹkan bí 3.7%, ó lè hó ní 155°C. Lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, omi náà á hó, á di oru tó ń fún pọ̀, pẹ́dà á rọ̀. Bó bá tutù, á tún le. Awakọ̀ á ní ó ti san. Kò tíì san rárá. Ọdún méjì-méjì ni kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì náà, bí ọkọ̀ ò tilẹ̀ rìn jìnnà. Tuntun rẹ̀ a máa mọ́ bí oyin, kò sì yẹ ká dúró dìgbà tó bá dúdú. Ẹni tó bá wá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, tó ní ọ́ìlì lọ́ìlì ń jẹ́, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ló máa wú.

Àwọn ọmọ Ògún tó ń tún ọkọ̀ ṣe láàárín Ìrè sí Ọ̀yẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yọ afẹ́fẹ́. Iṣẹ́ ẹni méjì ni. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó sínú ọkọ̀, ọ̀gá á dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà.

"Ọ̀gá, mo ti tẹ̀ ẹ́ o."

"Dì í mú, má gbé ẹsẹ̀."

Ọ̀gá á tú nípù ara kálípà díẹ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó kì bọ inú ìgò á máa tú ìfófòó, pẹ́dà á rì lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ dí nípù kó tó ní "Gbé e." Bí ẹsẹ̀ bá ṣáájú, afẹ́fẹ́ tuntun ni wọ́n fà wọlé yẹn.

Ohun tó yẹ ká ṣọ́ nínú iṣẹ́ yìí lára mọ́tò oníná ni pé kọ̀rọ̀ kan wà nínú ABS rẹ̀, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há, tí ẹsẹ̀ ò lè dé, kọ̀ǹpútà ló lè mú kó tú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde. Ọkọ̀ tó dákẹ́ náà kò kú: ó lè ta jí, kó fún kálípà mọ́ ìka. Ẹ kọ́kọ́ fi sípò àtúnṣe bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Wáyà aláwọ̀ ọsàn, tó ń gbé iná tó ju fóltì 300 lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Orí ìdánwò ni mo ti ń bá àwọn ènìyàn jiyàn. Wọ́n á wa ọkọ̀ yíká ọgbà, á dúró, wọ́n á gbowó. Ẹ̀rọ iná ló dá a dúró! Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún kí ẹ tó dán an wò, tàbí kí ẹ lọ síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ọkọ̀ mìíràn ò sí, kí ẹ rọra sáré, kí ẹ yí jíà sí N kí ẹ̀rọ iná má bàa dá sí i, kí ẹ wá tẹ bíréèkì. Bí ẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, páàdì á máa ha ìpẹtà kúrò lójú dísìkì.