Aṣọ tí a wọ̀ lọ wá Àyè ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí ti ná ọ̀pọ̀ òbí ní owó ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní, ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tí ó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ìwé mẹ́fà tán ní 1960, ọmọ pọ̀ ju àyè ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.

Ìyá mi àgbà ta gàrawá epo pupa méjì láti fi ra kakí tuntun fún bàbá mi. Bàtà ni kò sí. Ọmọ olùkọ́ kan ní Òkìtìpupa ni ó yá wọn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó há wọn lẹ́sẹ̀. Bàbá mi máa ń sọ pé ìrora ẹsẹ̀ nìkan ni àwọn rántí, àwọn kò rántí ìbéèrè kan. Wọn kò rí àyè ní ọdún náà.

Ní 1979, ìjọba Adékúnlé Ajásin sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí ó kàn mí, yunifọ́ọ̀mù àtijọ́ tí a fọ̀, tí a lọ̀, ni mo wọ̀ lọ.

Lónìí, èmi ni mo ń bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀. Aṣọ tí ó mọ́, tí ó sì bá ara mu, ti tó lójú mi. Kí n tó béèrè ohunkóhun, mo máa ń ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ jókòó, kí ó sinmi ẹsẹ̀.