Bébà Olóṣùpá Mẹ́ta ní Ọjà Kánò

Ní ọdún 1851 ni Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, wọ ìlú Kánò. Nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ nípa ọjà ibẹ̀, ó dárúkọ bébà kan tí à ń pè ní tre lune, èyí tí í ṣe òṣùpá mẹ́ta ní èdè Ítálì. Bébà náà pọ̀ lọ́jà. Ohun tí ó sì lè ya ẹ̀yin olùgbọ́ lẹ́nu ni pé aṣọ híhun ni wọ́n ń fi púpọ̀ nínú rẹ̀ dì.

Láti Pordenone ní àríwá Ítálì, ní ilé iṣẹ́ ìdílé Galvani, ni púpọ̀ nínú irú bébà bẹ́ẹ̀ ti wá. Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Tírípólì, ràkúnmí sì rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Àkísà ni a fi ń ṣe é: a ó rẹ ẹ́ sínú omi, a ó lù ú títí yóò fi kúnná, a ó sì fi asẹ́ wáyà gbé e jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí oníṣẹ́ bá rán wáyà tí a tẹ̀ bí òṣùpá mọ́ asẹ́ náà, àwòrán rẹ̀ a hàn nígbà tí a bá gbé bébà sókè síbi ìmọ́lẹ̀.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ òṣùpá? Ní ọdún 1409, ní ìlú Tlemcen, ọ̀mọ̀wé Ibn Marzuq ṣe ìdájọ́ lórí bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí kọ̀wé sórí bébà àwọn Kìrìsìtẹ́nì tí ó ní àmì àgbélébùú nínú. Ó ní ó tọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n oníṣòwò kì í dúró de irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Orí bébà yìí ni àwọn akọ̀wé Kánò àti Sókótó ti ń da Kùránì kọ, tí wọ́n ń fi àwọ̀ pupa àti ìyeyè ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Wọn kì í rán ewé rẹ̀ pọ̀. Àpò awọ ni wọ́n ń kó o sí. Ẹnu àwọn Haúsá ni Yorùbá sì ti gbọ́ tákàdá àti tàdáwà.

Ìlú tí aṣọ aláró rẹ̀ ń dé Tìmbúkútù kò ha ní àkísà bí? Ó ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Òòlù tí agbára omi ń gbé sókè gbé sílẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Fabriano ti ń lò láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn, ni kò ní. Nítorí náà, àkísà àwọn ẹlòmíràn ni ó ń rà. Ní ọdún 1969 ni ilé iṣẹ́ bébà Jẹ́bà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti Oku-Iboku sì tẹ̀lé e ní 1986, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbilẹ̀ tó láti gbà wá lọ́wọ́ bébà òkèèrè.